Tọkọtaya tó fẹ́ fi ọkọ̀ ìgbòkun sáré ìje: Ẹ gun sìkéèlì kẹ́ ẹ tó náwó!

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá o. A mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé, "Ta ló fẹ́ máa fi ọkọ̀ ojú omi sáré ìje nínú ìlú tí ọkọ̀ orí ilẹ̀ gan-an ò rọ́nà gbà? Ṣé wọ́n ti bá wa san owó ilé ni?" Òótọ́ lẹ sọ. Ẹni tó kúrò nílé láago márùn-ún ìdájí, tó tún há sínú gosiló l'Óṣòdì lálẹ́, oorun ló ń wá, kì í ṣe eré omi.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi yín ní ìbéèrè kan. Tẹ́ ẹ bá wọ ọkọ̀ Ọbaléndé, tẹ́ ẹ gba orí Third Mainland Bridge, ṣé ẹ máa ń wo ọ̀sà? Àwọn apẹja wà níbẹ̀ tí wọ́n rán àpò ìrẹsì pọ̀, tí wọ́n fi ṣe ìgbòkun. Wọn ò ra epo, wọn ò sì ní kọ́ńdọ́kítọ̀ tí yóò máa bá wọn jà nítorí ṣéńjì. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé wọn lọ. Eré ìje tá a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ọmọ ìyá iṣẹ́ àwọn apẹja wọ̀nyẹn ni. Ohun tó fi yàtọ̀ ni pé èèyàn méjì péré ló ń wà nínú ọkọ̀ náà, àwọn ọkọ̀ mìíràn tó jọ tiyín sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, tí kálukú fẹ́ kọ́kọ́ dé.

Eré náà kì í sì í ṣe àjèjì l'Ékòó. Láti ọdún 1932 ni wọ́n ti dá Lagos Yacht Club sílẹ̀, ó sì wà létí omi ní Victoria Island. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, ìjọba òyìnbó la ṣì wà, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lórí ọ̀sà, afẹ́fẹ́ tiwa ni.

Ọ̀rọ̀ tọkọtaya ló jẹ́ ká gbé e wá sójú ìwé. Nínú ìlú yìí, ọ̀pọ̀ ọkọ àti ìyàwó ni kì í rí ara wọn jókòó tì àfi lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè. Tí wọ́n bá rí eré kan tí wọ́n lè jọ máa ṣe, nǹkan ńlá ni. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lọ ra ọkọ̀ tí kò bá ara wọn mu, owó á wọmi, ìjà á sì wọlé. Ìdí nìyí tá a fi ní ká tú u palẹ̀ fún yín kẹ́ ẹ tó yọ kọ́bọ̀ lápò.

ẸNI TÍ KÒ BÁ MỌ̀WẸ̀ Ń KỌ́?

Kò sí bá a ṣe máa bá ará Ìsọlọ̀ sọ̀rọ̀ omi ká má rántí Òkè-Àfá. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ọjọ́ 27, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2002, ibi tí wọ́n kó bọ́ǹbù pamọ́ sí ní bárékè àwọn ṣọ́jà n'Íkẹjà bú gbàù. Ìpayà bá gbogbo àdúgbò, kálukú ń sá láìmọ ibi tó ń lọ. Àwọn tó sá gba ọ̀nà Òkè-Àfá já sínú kánáàlì nínú òkùnkùn. Ewéko ti bo ojú omi náà, àwọn mìíràn rò pé ilẹ̀ ni. Àwọn tó kú nínú ìṣẹ̀lẹ̀ ọjọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan, inú kánáàlì yẹn sì ni ọ̀pọ̀ wọn bá lọ, tàwọn obìnrin tàwọn ọmọdé. Torí náà, tí ìyàwó yín, tàbí ọkọ yín, bá ní òun ò fẹ́ rí omi sójú, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rántí.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ ṣe ni pé kẹ́ ẹ kọ́ ìwẹ̀ kẹ́ ẹ tó ra ọkọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì la bá wí o. Kí ọkọ mọ̀wẹ̀, kí ìyàwó má mọ̀ ọ́n, ìyẹn kì í ṣe ìmúrasílẹ̀, nítorí pé ọkọ̀ ìje máa ń dà. Kì í ṣe pé bóyá ó máa dà, ó máa dà ni. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ eré náà nìyẹn: ọkọ̀ á dojú dé, ẹ óò wọ omi, ẹ óò gbé e dìde, ẹ óò tún máa bá eré lọ. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kò ní í gbádùn ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Láti etíkun ni kẹ́ ẹ sì ti wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ bí ìgbà tèèyàn gbé agboorùn dání. Kó jẹ́ èyí tó fún yín dáadáa, tí kò ní í yọ gba orí tẹ́ ẹ bá ṣubú. Òfin kan tún wà tí gbogbo ọlọ́kọ̀ ìgbòkun mọ̀: tí ọkọ̀ bá dà, ẹ di ọkọ̀ mú. Ọkọ̀ náà kì í rì, àwọn tó ń bọ̀ wá gbà yín á sì tètè rí i ju orí èèyàn kan lọ lójú omi.

ẸNÌ KAN Ò GBỌDỌ̀ PURỌ́ KÍLÒ

Ibi tá a ti wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ọkọ̀ gan-an rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi àwọ̀ tàbí orúkọ yan ọkọ̀. Irọ́ ni. Ìwúwo yín lẹ máa fi yàn án.

Ìdí ni pé ọkọ̀ ìgbòkun kì í dúró ṣánṣán tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ lù ú. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń ti ìgbòkun, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ á máa fẹ́ dùbúlẹ̀. Kí ló ń mú un dúró? Ara yín ni. Ẹ máa jókòó sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, ẹ máa na ẹ̀yìn jáde sórí omi. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, wáyà kan máa ń wá láti òkè òpó. Ẹni kan á fi bẹ́líìtì so ara rẹ̀ mọ́ ọn, á fi ẹsẹ̀ tẹ etí ọkọ̀, gbogbo ara á sì wà níta.

Nítorí náà, ẹni tó sanra ò jẹ̀bi, ẹni tó tínrín náà ò jẹ̀bi. Àpapọ̀ ẹ̀yin méjèèjì là ń wá. Tẹ́ ẹ bá fúyẹ́ jù fún ọkọ̀, afẹ́fẹ́ á máa dà yín sómi ní gbogbo ìgbà. Tẹ́ ẹ bá wúwo jù, ọkọ̀ á máa wọ́ nílẹ̀ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ò bá lágbára, àwọn yòókù á sì fi yín sílẹ̀. Àwa l'Ékòó sì máa ń rí oríṣi afẹ́fẹ́ méjèèjì. Ó lè pa lọ́lọ́ láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, kí ti òkun bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ wọlé. Ìjì òjò sì wà tó máa ń ti apá ìlà-oòrùn wá lójijì, ìyẹn kò mọ ọ̀gá, kò mọ ọmọṣẹ́.

Ká ní ọkọ jẹ́ kílò 80, tí ìyàwó jẹ́ 62. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 142. Ká ní tọkọtaya mìíràn jẹ́ 95 àti 85, ìyẹn jẹ́ 180. Ọkọ̀ tó lè gbé àwọn àkọ́kọ́ gba ipò kìn-ín-ní, òun kan náà lè máa wọ́ tuurutu lábẹ́ àwọn kejì. Ẹni tó bá wá yọ kílò mẹ́wàá kúrò nínú tiẹ̀ nítorí ojútì, ara rẹ̀ ló ń tàn, ó sì ń tan owó ilé.

TA NI Ọ̀GÁ LÓRÍ OMI?

Ibi tí ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Iṣẹ́ méjì ló wà nínú ọkọ̀ náà. Ẹni kan á jókòó sẹ́yìn, á di ìtọ́kọ̀ mú, á sì di okùn ìgbòkun ńlá mú. Ẹnì kejì á wà níwájú. Òun ló ń bójú tó ìgbòkun kékeré, òun ló ń gun wáyà, òun ló ń wo ibi tí afẹ́fẹ́ àti àwọn ọkọ̀ mìíràn ń gbà bọ̀. Ẹ má pe ẹni iwájú ní ọmọọṣẹ́ o. Tí kò bá mọ iṣẹ́ ẹ̀, ẹni ẹ̀yìn kàn ń fi ìtọ́kọ̀ ṣeré ni.

Àwọn ọkùnrin wa kan á ní, "Èmi ni ọkọ, èmi ni mo gbọ́dọ̀ máa tọ́ ọkọ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ̀, àmì ohùn wọn gan-an ò dọ́gba. Nínú ọkọ̀ tó ní wáyà fún ẹnì kan, ẹni tó ga, tó sì wúwo díẹ̀ ló máa ń dáa níta, ẹni tó fúyẹ́ á sì dúró sídìí ìtọ́kọ̀. Nínú ilé púpọ̀, ìyàwó nìyẹn. Tí ọkọ bá wá fi agídí gba ìtọ́kọ̀, tó ní kí aya òun tó kéré lọ rọ̀ sórí wáyà, àwọn méjèèjì ló máa mu omi iyọ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òlíńpíìkì ọdún 2024. Ní ìlú Marseille, lórílẹ̀-èdè Faransé, wọ́n ní kí ọkùnrin kan àti obìnrin kan jọ máa wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní 470. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa di dandan ní Òlíńpíìkì pé kí tọkùnrin tobìnrin jọ wà nínú ọkọ̀ náà. Lára Austria ni wúrà lọ: Lara Vadlau, obìnrin, ló di ìtọ́kọ̀ mú, Lukas Mähr, ọkùnrin, ló gun wáyà. Àwọn ará Japan ló gba fàdákà: Keiju Okada, ọkùnrin, ló ń tọ́ ọkọ̀, Miho Yoshioka, obìnrin, ló wà níwájú. Nínú ọkọ̀ àwọn ará Sweden tó gba idẹ, ọkùnrin, Anton Dahlberg, ló di ìtọ́kọ̀ mú, Lovisa Karlsson sì wà níwájú. Ṣé ẹ rí i? Bí wọ́n ṣe pín in ló yàtọ̀, gbogbo wọn ló sì gba ẹ̀bùn.

Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya nínú ọkọ̀ kì í ṣe ti òní. Ní Òlíńpíìkì ọdún 1900, Hélène de Pourtalès àti ọkọ rẹ̀, Hermann, jọ wà nínú ọkọ̀ Lérina tó gba ipò kìn-ín-ní fún Switzerland. Obìnrin náà ni obìnrin àkọ́kọ́ tó borí ní Òlíńpíìkì.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kẹ́ ẹ gbìyànjú méjèèjì. Lọ́sẹ̀ yìí, kí ọkọ tọ́ ọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí ìyàwó tọ́ ọ. Ẹni tí ọkọ̀ bá gbọ́ràn sí lẹ́nu jù ni kó máa ṣe é lọ. Kẹ́ ẹ tó kúrò létíkun, ẹ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa lò tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí ọkọ̀ padà, torí pé tí afẹ́fẹ́ bá ń pariwo, kò sí àyè àlàyé. Ohun tí ẹnì kan bá sì ṣe sí ẹnì kejì lórí omi, ẹ fi síbẹ̀, ẹ má gbé e wọ dánfó padà sílé.

ÀWỌN ỌKỌ̀ TÓ WÀ

Ẹ jẹ́ ká wá wo ọkọ̀ mélòó kan tí wọ́n ṣe fún èèyàn méjì.

470 tá a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, André Cornu, ló yà á lọ́dún 1963. Gígùn rẹ̀ ni mítà 4.70, ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Láti ọdún 1976 ló ti wà ní Òlíńpíìkì. Ìgbòkun mẹ́ta ló ní, èyí ẹ̀kẹta máa ń wú bí ikùn tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀yìn bọ̀. Àwọn tí àpapọ̀ wọn wà láàárín kílò 110 sí 145 ló dáa fún jù. Ọkọ̀ yìí yára, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ àkọ́kọ́kọ́. Bíi kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì lọ ra ọkọ̀ òfuurufú ni.

Taser, ìyẹn gan-an ni wọ́n dìídì ṣe fún tọkùnrin tobìnrin. Frank Bethwaite ló yà á ní Ọsirélíà láàárín àwọn ọdún 1970. Kò ní wáyà tí wọ́n ń rọ̀ mọ́, kò sì ní ìgbòkun ẹ̀kẹta, kí àwọn tí kì í ṣe géńdé lè máa sá a dáadáa. Òfin rẹ̀ ni pé kí àpapọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀ má dín sí kílò 130. Tí wọn ò bá tó o, wọ́n á gbé ẹrù lé e. Ìyẹn ni pé ẹni tó tínrín kò lè fi àìjẹun rẹ́ ẹ jẹ.

Wayfarer wà fún àwọn tó wúwo, tàbí tí ẹ̀rù ń bà díẹ̀. Ian Proctor ló yà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1957, gígùn rẹ̀ sì jẹ́ mítà 4.82. Ó fẹ̀, ó dúró déédéé, èèyàn méjì máa ń fi sáré ìje, ọmọ àti abọ́ oúnjẹ náà sì máa ń rí àyè lọ́jọ́ tí kò bá sí ìje. Àwọn tí àpapọ̀ wọn jẹ́ 180 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ wo irú èyí.

Hobie 16 ló kù, ìyẹn sì lèyí tó kan Èkó jù. Kò ní ikùn kan bíi tàwọn yòókù. Ọpọ́n tóóró méjì ni wọ́n fi irin so pọ̀, wọ́n wá ta aṣọ líle sáàárín wọn, orí aṣọ yẹn lẹ máa jókòó sí. Hobie Alter, ará California ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é, gígùn rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà márùn-ún, ìwúwo rẹ̀ sì tó kílò 145. Ẹni méjèèjì ló lè rọ̀ mọ́ wáyà. Kò ní pákó gígùn tó ń wọ ìsàlẹ̀ omi, torí náà ẹ lè tì í láti orí yanrìn wọ omi, kẹ́ ẹ sì tún wọ́ ọ gun yanrìn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi sáré ìje, àpapọ̀ yín gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi kílò 129. Àmọ́ ẹ fetí sí èyí: tó bá dà, ìwúwo yín lẹ máa fi fà á dìde. Tí àpapọ̀ yín ò bá súnmọ́ 135, ẹ óò laágùn kó tó dìde, ẹ sì lè máa retí ọkọ̀ ìrànlọ́wọ́.

ỌKỌ̀ TÓ DÁA JÙ NI ÈYÍ TÍ ẸLÒMÍRÀN NÍ

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì jù la fẹ́ sọ yìí. Ìje lẹ fẹ́ sá. Ìje sì gba kí ọkọ̀ yín àti ti ẹlòmíràn jẹ́ oríṣi kan náà, kó lè jẹ́ ọgbọ́n orí ni wọ́n fi borí, kó má jẹ́ owó. Tẹ́ ẹ bá lọ kó 470 tó rẹwà wọ̀lú, tí kò sì sẹ́ni tó ní irú rẹ̀ níbi tẹ́ ẹ fẹ́ ti máa sá a, ẹ ti di ẹni tó ń dá ayò ta. Ta lẹ máa jẹ? Ta ló máa jẹ yín?

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé etíkun lẹ máa kọ́kọ́ lọ kẹ́ ẹ tó dé ọjà. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ mọ Lagos Yacht Club ni Laser, Lightning àti Hobie 16. Ẹ wò ó dáadáa: ẹnì kan ṣoṣo ló ń wà nínú Laser, ìyẹn á pín tọkọtaya níyà. Èèyàn mẹ́ta ló ń wà nínú Lightning, tó túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ wá ẹnìkẹta, a ò sì fẹ́ bá ilé kankan dá sí ìyẹn. Hobie 16 ló ṣẹ́kù fún ẹni méjì. Torí náà, tó bá jẹ́ Èkó lẹ fẹ́ ti máa sáré, tí àpapọ̀ yín sì wà láàárín 135 sí 150, ẹ má wulẹ̀ dà á rò jù. Tẹ́ ẹ bá wúwo ju ìyẹn lọ, ẹ ṣì lè sá a, àmọ́ ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le lẹ máa dára jù.

TẸ́ Ẹ BÁ FẸ́ RA TÒKÚNBỌ̀

Ẹ má kánjú ra tuntun. Ẹ kọ́kọ́ bá ẹlòmíràn wọ tiẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń wá ẹni iwájú tí tiwọn bá rìnrìn àjò. Tó bá wá tó àkókò láti ra tòkúnbọ̀ Hobie 16, ohun tẹ́ ẹ máa yẹ̀ wò rèé. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí ọpọ́n méjèèjì káàkiri, pàápàá apá iwájú. Tó bá ń rọ̀ bí búrẹ́dì, inú rẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ gbé owó yín padà sápò. Ẹ gbọn ọpọ́n náà wò bóyá omi wà nínú rẹ̀. Ẹ wo gbogbo wáyà níbi tí wọ́n ti dè é, ìpẹtà omi iyọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ẹ wo ìránṣọ ibi ìjókòó. Tí aṣọ ìgbòkun bá ti rọ̀ bí àkísà, ọkọ̀ náà ò ní í sáré mọ́, owó mìíràn nìyẹn.

Ẹ tún wo òkè òpó. Irin alumíníọ̀mù ni òpó náà, ó ga ju mítà mẹ́jọ lọ, tó bá sì fara kan wáyà iná, ẹni tó dì í mú lè gba ibẹ̀ kú. Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa fi nǹkan tí kì í gbé iná ṣe orí òpó náà. Òpó ayé àtijọ́ lè má ní in. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí wáyà iná ṣe rí l'Ékòó, a ò ní láti ṣàlàyé jù. Kẹ́ ẹ tó gbé òpó dìde, ẹ kọ́kọ́ wòkè.

Nípa ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí, ẹ má ronú àti gbé e wá sí Àjàò Estate tàbí Máfolúkù. Láńlọ́ọ̀dù tó ń bínú sí bọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, kí ló máa sọ tó bá rí ọkọ̀ ojú omi? Ibi tẹ́ ẹ ti ń sá a ni kó máa gbé. Kẹ́ ẹ ṣírò owó ẹgbẹ́, owó àyè, okùn àti aṣọ ìgbòkun mọ́ owó ọkọ̀ kẹ́ ẹ tó sọ pé owó yín ti pé.

Ó ku ọwọ́ yín. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí, ẹ yá sìkéèlì lọ́wọ́ ẹni tó bá ní in ládùúgbò, kẹ́ ẹ jọ gùn ún, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì rò ó pọ̀. Ẹ̀yin ọkọ, iye yòówù tí ìyàwó bá jẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ẹ óò nílò gbogbo kílò rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dà.